Igba Ó Lé Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n fún Sọ̀fíyàt ní lẹ́tà ìfẹ̀yìntì, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí ìdúró, ó ká a sí mẹ́rin, ó tì í bọ inú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ tó fi ń gé pépà. Ilé ìtẹ̀wé náà wà lẹ́yìn títì Ọba Akran ní Ìkẹjà, láàárín ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike àti èyí tó ń ṣe bísíkíìtì. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀ níbẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ sunkún lè sun ún tẹ́rùn láìsí ẹni tó máa yíjú wò ó. Sọ̀fíyàt kò sunkún. Ó ń ṣírò ni.

Lẹ́tà náà ní ó ti pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, ilé iṣẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òpin oṣù ni yóò sì dá iṣẹ́ dúró. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ àádọ́ta ọdún ni Sọ̀fíyàt. Ọdún mẹ́wàá tó wà láàárín méjèèjì, ó mọ ọjọ́ tí wọ́n gbé e lé e lórí, ó mọ wákàtí rẹ̀, ó sì mọ àwọ̀ bírò tí wọ́n fi kọ ọ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 2000 ni. Ọjọ́ náà ló lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ kan ní Agége, nítorí pé kò mọ̀ ju kó ka orúkọ ara rẹ̀ lọ. Òjò ti pa á láti Dópẹ̀mú. Bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ já lójú ọ̀nà, ó sì fi ọ̀rá búrẹ́dì so ó. Akọ̀wé tó jókòó lẹ́yìn tábìlì kò gbójú sókè wò ó. Ó bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni. Ó ní, "Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, sà." Akọ̀wé fi bírò aláwọ̀ ewé kọ ọ́ sínú ìwé ńlá tó kọjú sí òun nìkan. Lẹ́yìn ọdún méjì, nígbà tí ìwé ẹ̀rí jáde, ni Sọ̀fíyàt tó rí i pé 1965 ni wọ́n kọ gẹ́gẹ́ bí ọdún tí wọ́n bí i. Ó mú un lọ bá olùkọ́ wọn. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kí ni ọdún mẹ́wàá ṣe ọ́? Ṣebí àgbà ni wọ́n sọ ọ́ dà." Ìwé ẹ̀rí yẹn ló fi wọ iṣẹ́. Ohun tó wà lórí rẹ̀ náà ni wọ́n dà kọ sínú fáìlì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ó lọ bá ọ̀gá wọn, Láolú, ní ọ́fíìsì. Láolú kò tíì ju ẹni ogójì ọdún lọ, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sì máa ń dìde kí Sọ̀fíyàt. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá Suara, ẹ̀yin náà? Ṣé ẹ fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù ni? Àwọn agbábọ́ọ̀lù wa nìkan ni mo mọ̀ tí ọjọ́ orí wọn ń padà sẹ́yìn. Ẹni tó ti fi ọmọ fọ́kọ, ó ń bá àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún sáré."

"Àṣìṣe ni wọ́n ṣe, sà. Mo lè lọ búra ní kóòtù."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Tí mo bá fẹ́, mo lè lọ sí kóòtù yẹn lónìí kí n búra pé èmi ni mo bí bàbá mi, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ ní òǹtẹ̀ fún mi." Ó wá fi ojú àánú wò ó. "Ẹ mú nǹkan tó wà láyé lọ́jọ́ tí wọ́n bí yín wá. Nǹkan tí kò lè parọ́. Tí mo bá ti rí i, mo fa lẹ́tà yẹn ya."

Sọ̀fíyàt dúpẹ́, ó jáde. Bàbá rẹ̀ kú ní 1998, ìyá rẹ̀ ní 2009. Ilé agbẹ̀bí tí wọ́n bí i sí ti di ibi tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ Márúwá ṣe. Ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni gbólóhùn ìyá rẹ̀: "Ọdún Údójì la bí ọ." Ìyẹn ọdún tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wọn, tí wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo ilé tó ní òṣìṣẹ́ ìjọba di ilé aláriwo. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba gbólóhùn òkú gbọ́?

Ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ Tíṣà Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí dé. Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni, olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá tó ti fẹ̀yìn tì. Ó fẹ́ kí wọ́n bá òun tẹ àtẹ ńlá kan tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì, tí yóò fi han àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìgbà tí oríṣi ẹranko kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ dáyé. Yorùbá ló fi kọ gbogbo rẹ̀, ọwọ́ ló sì fi kọ ọ́. Kò lo nọ́ńbà kankan. Gbogbo iye ọdún ló fi ọ̀rọ̀ kọ, torí ó ní nọ́ńbà kò ní ohùn.

Ọlámijùlọ, ọmọbìnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán fún wọn, yẹ ìwé náà wò tòkè-tilẹ̀, ó sì gbé e tọ Sọ̀fíyàt lọ.

"Mọ́mì Suara, ẹ gbà mí. Ṣé Yorùbá nìyí àbí kòkòrò ló rìn kọjá nínú yíǹkì? Ẹ máa kà á fún mi, kí n máa tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà ni kí n fi sí i, kí àwọn ọmọ lè tètè rí i."

Sọ̀fíyàt nu ọwọ́, ó fi gíláàsì sójú. Láti ìgbà tó ti mọ̀wé, kò sí iṣẹ́ tó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá tí kì í kà: ìwé ìléwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, lébẹ́ẹ̀lì ọṣẹ, kálẹ́ńdà ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n kò tíì ka irú èyí rí.

"'Ẹja ni ẹranko àkọ́kọ́ tó ní egungun ẹ̀yìn,'" ó kà. "'Ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mílíọ̀nù ọdún tó ti wà nínú omi.'"

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ńkọ́?"

"Fáìfù họ́ńdírẹ́ẹ̀dì."

"Ẹ̀yin náà, ẹ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀."

"Tíṣà ló kọ ọ́, èmi kọ́. 'Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń gbé omi tó tún ń gbé ilẹ̀, àwọn tí ọ̀pọ̀lọ́ ti inú wọn wá, irinwó ó dín ọgbọ̀n mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.' Irinwó ni fọ́ọ̀ họ́ńdírẹ́ẹ̀dì. Yọ ọgbọ̀n kúrò níbẹ̀."

"Kí ló dé tí Yorùbá kì í kàn ka nǹkan bó ṣe wà? A ó gùn ún dókè tán, a ó tún sọ̀ kalẹ̀." Ọlámijùlọ rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́. "Ó yá, ọ̀gá àwọn ẹranko dà? Dáínósọ̀ dà?"

"'Dáínósọ̀, nǹkan bí igba ó lé ọgbọ̀n mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.'"

"Èyí rọrùn. Igba, ọgbọ̀n. Tú-tátì."

"'Ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú, nǹkan bí igba ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.' Ṣé kí n—"

"Rárá, mo ti ń mọ̀ ọ́n báyìí. Ẹ máa lọ."

Sọ̀fíyàt ń bá a lọ. Kò wo ojú kọ̀ǹpútà. Ẹyẹ, tó ti ara dáínósọ̀ jáde, àádọ́jọ mílíọ̀nù. Òpin àwọn dáínósọ̀ ńláńlá, mẹ́rìndínláàádọ́rin mílíọ̀nù. Nígbà tó dé orí èèyàn, Tíṣà kọ ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọdún. Ìyẹn mú kí àwọn méjèèjì dáwọ́ dúró, tí wọ́n fi fóònù ṣírò rẹ̀: ọ̀kẹ́ kan, ẹgbàá mẹ́wàá, ọ̀nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀, ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún.

"Kò tiẹ̀ dé mílíọ̀nù kan," Ọlámijùlọ wí. "Àná la dé, pẹ̀lú gbogbo ariwo wa."

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló gba ọkàn Sọ̀fíyàt. Bó ṣe ń gé kálẹ́ńdà ní ọ̀sán yẹn, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lórí rẹ̀. Ẹranko tí kò ní ìyá tó lè sọ̀tàn, tí kò sí akọ̀wé kankan tó bi í ní ọjọ́ orí rẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe mọ ọdún tó dáyé? Òun tí òun ní ìyá, tí òun fi ẹnu ara òun dáhùn, wọn kò mọ tòun.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n tẹ àtẹ náà, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹ̀dà. Wọ́n kó o dé ọ̀dọ̀ Sọ̀fíyàt kó lè gé etí rẹ̀. Ó tẹ́ ẹyọ kan sílẹ̀, ó ń wò ó láti òsì sí ọ̀tún bí ẹni tó ń wo ìlú tí kò dé rí. Ẹja wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni ẹranko kékeré kan, onírun, tó ṣu ẹnu ṣóńṣó bí asín. Lẹ́yìn asín yìí ni dáínósọ̀ ńlá ń bọ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó rántí gbólóhùn Tíṣà dáadáa, torí ó dùn mọ́ ọn nígbà tó kà á: àwọn ẹranko kéékèèké tó ń fọ́mọ lọ́mú dé bá dáínósọ̀ nílé ayé, wọ́n sì fara pamọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Báwo ni ẹni tó dé báni ṣe wá di ẹni tó ṣáájú? Ó wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ asín náà. 235.

Ó lè dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ ló kù fún un níbẹ̀. Òun ló ka ìwé náà sókè. Tí ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ó mú ẹyọ pépà náà, ó gbé e lọ bá Ọlámijùlọ.

"Ta ló gbé asín ṣáájú dáínósọ̀?"

"Nọ́ńbà ló gbé e ṣáájú. Tú-tátì-fáìfù, tú-tátì. Èyí tó pẹ́ jù ló ń ṣáájú."

"Ohun tí mo kà kọ́ nìyẹn."

"Háà, Mọ́mì! Ohun tí ẹ pè ni mo tẹ̀ o!"

Láolú gbọ́ ohùn ọmọbìnrin náà, ó jáde wá. Ó wo àtẹ náà, ó wo òkìtì ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tó wà lẹ́yìn wọn, ó sì mí kanlẹ̀. "Ìyá Suara, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rí i? Ojú ń rẹni. Ìdí tí wọ́n fi ń ní kéèyàn lọ sinmi nìyí."

Sọ̀fíyàt lọ mú ìwé Tíṣà wá, ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ kà á, sà."

Láolú kà á díẹ̀díẹ̀. "Igba... ó lé... mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

"Ṣé ẹ rí i?" Ọlámijùlọ wí. "Ọgbọ̀n ni tátì. Márùn-ún wà lára rẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tátì-fáìfù."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Láolú wí. "Tátì-fáìfù."

Sọ̀fíyàt gbé ojú kúrò lára ìwé náà. Ó rí bírò aláwọ̀ ewé. Ó gbọ́ òjò lórí páànù ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Ó lé ní ogún ọdún tó ti ń rò pé akọ̀wé náà kò fetí sílẹ̀ ni, pé bóyá nítorí ọ̀rá búrẹ́dì tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni kò ṣe kà á sí. Kò rò ó rí pé ọkùnrin náà gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kedere, kò kàn mọ ohun tó jẹ́ ni.

"Ẹ pe Tíṣà," ó wí.

Láolú pè é, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ẹ káàsán, sà. Ẹ dákun, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yìí, mélòó ló jẹ́?"

"Láolú," ohùn àgbà náà wí, "ṣé bàbá rẹ mọ̀ pé o ń bi mí ní ìbéèrè yìí?"

"Sà?"

"Ogún àti márùn-ún ni! Ọgbọ̀n tí a yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ tátì-fáìfù ni, márùndínlógójì lèmi ì bá kọ! Kí lẹ ti fi iṣẹ́ mi ṣe?"

Láolú pa fóònù, ó fi ọwọ́ nu iwájú orí. Ọlámijùlọ ti bo ojú rẹ̀. Láolú wo Sọ̀fíyàt lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú kúrò, ó tún wò ó, bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí ibi tó ti gbọ́ nǹkan kan.

Láàárọ̀ Sátidé ni Tíṣà Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí dé fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá àti fìlà. Wọ́n ti ń ṣe àtúnṣe. Ó jókòó sídìí tábìlì Sọ̀fíyàt láti máa ṣọ́ wọn, ó ní òun kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́ níbẹ̀ àyàfi ẹni tó rí àṣìṣe. Sọ̀fíyàt gé pépà títí, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Tíṣà, ẹ má bínú. Ta ló wà níbẹ̀ tó fi mọ̀?"

"Níbo?"

"Nígbà tí dáínósọ̀ dáyé. Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀?"

Ojú àgbà náà tàn. "Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ níwèé, ẹni mẹ́ta péré ló bi mí ní ìbéèrè yìí. Ìwọ ṣìkẹrin. Gbọ́. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Egungun fúnra rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń bi egungun léèrè ọjọ́ orí, yóò pẹ́ níbẹ̀."

"Ta ni wọ́n wá ń bi?"

"Ohun tó sùn tì í." Ó fa pépà mélòó kan, ó tò wọ́n léra lórí tábìlì. "Iyanrìn ń bo ilẹ̀, omíràn tún ń bo ìyẹn, títí wọ́n á fi di òkúta. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ló ti pẹ́. Nígbà mìíràn òkè oníná á tú eérú dà sórí gbogbo rẹ̀. Nínú eérú yẹn, nǹkan tín-ń-tín kan wà tó ń yí padà díẹ̀díẹ̀, bí àbẹ́là tó ń jó, kì í yára, kì í fà. Wọ́n á wo ìwọ̀n tó ti jó, wọ́n á wo èyí tó kù, wọ́n á sì mọ ìgbà tí wọ́n tàn án. Bí egungun bá wà láàárín eérú méjì, ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè kúrò láàárín tiwọn."

"Asín ńkọ́? Egungun asín á kéré púpọ̀."

"Eyín rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń rí, kò tó ìrẹsì. Ẹni tó ń wá dáínósọ̀ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìmọ̀. Àmọ́ inú òkúta kan náà ni wọ́n wà. Ohun tó bá sọ ọjọ́ orí ẹni ńlá, ó ti sọ ti kékeré tó wà lẹ́bàá rẹ̀."

Sọ̀fíyàt dá ẹ̀rọ dúró. Ó ní kí Tíṣà jẹ́ kí òun tètè lọ sílé, òun fẹ́ lọ wo nǹkan.

Ilé rẹ̀ wà ní Orílé Agége, yàrá kan àti pálọ̀. Lókè kọ́bọ́ọ̀dù ni fọ́tò kan wà nínú férémù. Láti kékeré rẹ̀ ni gbogbo ilé ti ń pè é ní fọ́tò rédíò. Rédíò ńlá onígi ni, tí bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè, rà lọ́sẹ̀ tí owó Údójì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó gbé e sórí tábìlì ní àárín gbùngbùn, òun wà lápá kan nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ìyá Sọ̀fíyàt wà lápá kejì. Ojú rédíò ni gbogbo èèyàn máa ń wò. Wọ́n máa ń sọ bó ṣe ń gbohùn, ẹni tó jí i, ọdún tí wọ́n jí i. Sọ̀fíyàt náà kò wo ibòmíràn rí.

Ó gbé férémù náà lọ sójú fèrèsé, oòrùn ọ̀sán sì tàn sí i. Ní apá ìyá rẹ̀, lẹ́bàá etí fọ́tò, nǹkan funfun kan wà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀lì wé. Imú kan ló yọ síta. Kò tó ìrẹsì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gbé e lọ sórí tábìlì Láolú bó ṣe wà. Ó ní kí Ọlámijùlọ náà wá, kí ẹlẹ́rìí lè wà.

"Kí nìyí, Màámi?" Láolú bèèrè.

"Rédíò tí bàbá mi fi owó Údójì rà, sà. Ẹ ní kí n mú nǹkan tó wà láyé lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi."

"Mo rí rédíò. Ẹ̀yin dà?"

Ó fi ìka hàn án. Láolú sún mọ́ ọn, ó fún ojú pọ̀. "Báwo la ṣe mọ̀ pé ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni àkọ́bí. Àbúrò mi dé ní ọdún tí wọ́n ṣe Fẹ́sítáàkì. Ọmọ mìíràn kò sí."

"Tó bá jẹ́ pé 1965 ni wọ́n bí wọn, sà," Ọlámijùlọ wí, "wọ́n á ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nínú fọ́tò yìí. Ta ló ń fi ṣọ́ọ̀lì wé ọmọ ọdún mẹ́wàá?"

Láolú fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in. "Mo gbà pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Údójì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Inú fáìlì ni mo fẹ́ fi í sí."

Sọ̀fíyàt na ọwọ́ láti gbé fọ́tò rẹ̀. Bó ṣe yí i padà, ó rí páálí tí wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn férémù náà, tí ọjọ́ ti mú gọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣí ní igun kan. Ohun tó sùn tì í. Ó yọ ọ̀bẹ ìgépépà nínú àpò rẹ̀, ó rọra là á yípo, bó ti máa ń ṣe fún iṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ bàjẹ́. Páálí náà bọ́. Lẹ́yìn fọ́tò, òǹtẹ̀ ayàwòrán kan wà níbẹ̀, aláwọ̀ àlùkò. Omi ti jẹ orúkọ ọkùnrin náà. Oṣù ti parẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún wà níbẹ̀, 1975, àti lábẹ́ rẹ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí bàbá rẹ̀ fi pẹ́ńsù kọ, ọkùnrin tí òun rò pé kò mọ̀wé rárá: *Sofiat, ijo mejo.*

Ọlámijùlọ kà á sókè. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ nìyí."

Láolú fi ọwọ́ méjèèjì gba fọ́tò náà. Ó wò ó pẹ́. Ó bèèrè, bí ọmọ iléèwé, "Nígbà tí akọ̀wé yẹn bi yín, kí lẹ wí fún un gan-an?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, sà."

Ó gbọ́. Ó mi orí. "Ká ní èmi ni mo jókòó síbẹ̀, èmi náà kì bá tí kọ ohun tó kọ," ó wí fẹ́lẹ́. Ó tún un ṣe: "Rárá, èmi náà ì bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́." Ó bèèrè lẹ́tà náà. Sọ̀fíyàt yọ ọ́ nínú àpò, ó ṣì wà ní kíká mẹ́rin. Láolú fà á ya sí méjì. Ó ní kó lọ búra ní kóòtù lọ́la, kó so ẹ̀dà fọ́tò náà mọ́ ọn, iwájú àti ẹ̀yìn, òun fúnra òun ni yóò fi sí fáìlì.

Sọ̀fíyàt kúnlẹ̀ dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, níbi tí àtẹ tuntun ti ń dúró dè é, dáínósọ̀ níwájú, asín lẹ́yìn. Ó mú ẹyọ kan nínú ti àkọ́kọ́, èyí tó bàjẹ́, ó ká a fún ara rẹ̀. Kí ó tó tan ẹ̀rọ, ó tún yọ fọ́tò náà wò, kì í ṣe iwájú rẹ̀. Ó wo ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí bàbá rẹ̀ kọ, bí ẹsẹ̀ *j* ṣe wọ́. Níbo ni òṣìṣẹ́ rélùwéè náà ti kọ́ ìwé? Ọdún wo? Ta ló kọ́ ọ? Ó ní láti bi àbúrò rẹ̀ bóyá nǹkan mìíràn ṣì kù nínú àpótí bàbá wọn.